Ọkọ̀ Tí Kì Í Gbọ̀n Ní Sátidé

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó tó di pé ẹlòmíràn bá mi sọ ọ́ ní ìsọkúsọ: mi ò kórìíra àfẹ́sọ́nà ọmọ mi. Ọkọ̀ ló ń gbọ̀n. Ọkọ̀ ń gbọ̀n, mo ní ó ń gbọ̀n, wọ́n wá sọ ọ́ di pé ìyá ìyàwó ń wá ẹ̀sùn sí ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sú mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́.

Ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn àlejò ń sùn lókè, ìsàlẹ̀ ni èmi àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi wà, tí à ń lọ aṣọ tí wọ́n fi sùn. Ooru, òógùn, ìdúró. Nígbà tó bá máa fi di ọ̀sán, ọrùn ẹsẹ̀ mi á ti wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sómi. Tí mo bá jáde, ohun tí mo máa ń fẹ́ ò pọ̀: kí ọkọ mi fi ọkọ̀ wá gbé mi, kí n gbé orí lé ẹ̀yìn ìjókòó, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀ títí a ó fi délé. Ọkọ̀ yẹn náà ni wọ́n wá sọ di ẹ̀rọ ìlọta mọ́ mi nídìí.

Awakọ̀ ni ọkọ mi, ọkọ̀ tirẹ̀ ló sì fi ń gbé èrò. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí jẹ́jẹ́ ló ń wakọ̀, jẹ́jẹ́ ló ń rìn, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun gbọ́ ọ rí kó sọ̀rọ̀ líle sí èèyàn. Tí èrò bá da omi ọsàn sórí ìjókòó rẹ̀, á ní kò sí wàhálà. Tí ẹnìkan bá fún un ní bàtà tó há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, á wọ̀ ọ́, á máa tiro, á sì máa dúpẹ́. Àwọn èèyàn á ní mo ṣoríire ọkọ. Mo ṣoríire lóòótọ́, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹni tó bá ń bá ẹni tí kì í bínú gbélé ló máa mọ̀ pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí á máa bá a bínú. Tí onílé bá gé omi wa, èmi ni mo ń lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀. Tí àwọn ará ẹ̀yìnkùlé bá da ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà wa, èmi ni mo ń pariwo. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé òun ni afárá oyin, èmi ni oró.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin. Onídìrí ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà ló sì ń gbé. Ẹnu rẹ̀ mú bí tèmi. "Irun tí mo bá dì tí kò dáa, ojú ẹni tó lorí ni mo ti ń tú u," ó máa ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, kò sí ẹnu mọ́. Bàbá rẹ̀ ò lè ṣàṣìṣe. Tí àwa méjèèjì bá ń ṣe àríyànjiyàn, kì í tiẹ̀ bi wá léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, èmi ló máa kọ́kọ́ wò.

Ó mú ọkùnrin kan wálé, mẹkáníìkì. Mo sọ ọ́ ní Ọwọ́-Epo, torí bó ti wù kó fọ ọwọ́ tó, epo dúdú ò kúrò nínú èékánná rẹ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn, ó ní kí n máa pe òun bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹun tán nílé wa, á gbé àwo rẹ̀, á fọ̀ ọ́, á sì fọ tiwa mọ́ ọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo tún un sọ torí pé ó yẹ kí ẹ rántí rẹ̀.

Òkè kan wà láàárín ilé wa àti òtẹ́ẹ̀lì. Ọkọ̀ Jẹ́jẹ́ kì í fẹ́ gùn ún, á máa kérora, àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn á máa yà wá sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ọwọ́-Epo wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wa nígbà tí à ń gùn ún. Nígbà tí a délé, ó mú ife omi kan lórí tábìlì, ó fi àlàyé ṣe.

"Bàbá, ẹ́ńjìnnì yín ò rí atẹ́gùn mí dáadáa. Ihò kan wà tí atẹ́gùn ń gbà wọnú rẹ̀, ó rí bí ẹnu ife yìí. Ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan wà nínú ihò yẹn. Tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ìlẹ̀kùn á ṣí, tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀, á padé. Òun là ń pè ní tọ́tù. Màá tú u, màá gbẹ́ ihò náà fẹ̀ sí i, màá sì fi ìlẹ̀kùn tó tóbi sí i síbẹ̀. Ẹ ó rí i bó ṣe máa gun òkè."

"Èló ló máa jẹ́?" ni ọkọ mi béèrè.

"Bàbá! Ọmọ yín mà ni mí. Ẹ̀bùn ni."

Ó ṣe é. Ọkọ̀ sì gun òkè lóòótọ́, bí ewúrẹ́ ló ṣe gùn ún. Jẹ́jẹ́ ń rẹ́rìn-ín sí dígí iwájú bí ọmọdé tó rí bàtà tuntun. Mo ní ẹ ṣeun, ọkọ ọmọ mi. A sọ̀kalẹ̀ lódì kejì, a dé oríta, iná ojú títì pọ́n, ọkọ̀ dúró. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Tó bá ń sáré, kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Tó bá dúró ni. Ohùn ẹ́ńjìnnì á lọ sókè, á wá sílẹ̀, á lọ sókè, á wá sílẹ̀, bí ẹni tí òsúkè mú. Gbogbo ara ọkọ̀ á wá máa gbọ̀n, ilẹ̀kùn á máa pariwo, eyín èèyàn á máa lura wọn. Lẹ́yìn náà, á kú. Àwọn tó wà lẹ́yìn á máa fọn fèrè lé wa lórí, Jẹ́jẹ́ á máa juwọ́ sí wọn láti bẹ̀ wọ́n, á tún un ṣí. Ìyá àgbà kan tó gbé lọ́jọ́ kan di ìdí mú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kó má bínú, òun á máa fẹsẹ̀ rìn.

"Ẹ gbé e padà fún un," ni mo wí.

"Ẹ̀bùn ni ọmọ náà fún mi. Báwo ni mo ṣe máa wá bá a pé ẹ̀bùn rẹ̀ ò dáa?"

"Ẹ gbé e fún mẹkáníìkì mìíràn nígbà náà."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ jalè. "Kí n gbé ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ àna mi fún ẹlòmíràn? Láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Ojú ò ní ti ọmọ náà?"

Ìgbà tí mo yọ ọ́ lẹ́nu títí tó sì sú u, ó ní ó dáa, a ó gbé e lọ bá Ọwọ́-Epo ní Sátidé. Láàárọ̀ Sátidé yẹn, mo jáde, mo bá a tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mú sukudiráfà lọ́wọ́, ó ń yí nǹkan kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́tù. Ohùn ẹ́ńjìnnì le, ó dúró gírí, kò gbọ̀n mọ́.

"Ẹ ti tún un ṣe?"

"Rárá o. Mo kàn fi sukúrúù yìí ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí díẹ̀ kó lè dé ọ̀hún láìkú."

Mo rò pé ọgbọ́n ọ̀nà ni. A dé ọgbà mẹkáníìkì. Ọwọ́-Epo gbé ọwọ́ lé ara ọkọ̀, ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́. Ọkọ̀ ò gbọ̀n. Ó ní, "Bàbá, mi ò rí nǹkan kan o."

Ọkọ mi, ẹni tí mo bá sùn tí mo bá jí, rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Èmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan kan. Ìyá ẹ ló ní ó ń gbọ̀n."

Inú ọkọ̀ náà ni mo jókòó sí. Ọmọ náà wá bá mi lójú fèrèsé, ó tẹríba, ó ní kí n má bínú, òun á tún un yẹ̀ wò. Ó yọ àwọn púlọ́ọ̀gì, ó fọ̀ wọ́n. Nígbà tí a délé, Jẹ́jẹ́ yí sukúrúù rẹ̀ padà sí ibi tó wà, torí bó ṣe ṣí i yẹn ń mu epo, tó bá sì dé oríta, ọkọ̀ á fẹ́ fò mọ́ ẹni iwájú. Nígbà tó di Sọ́ńdè, ó ti ń gbọ̀n.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Sátidé dé, ó fi sukudiráfà yí i. A délé, ó yí i padà. Ọwọ́-Epo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó fọ tọ́tù. Ó wo ibi tí epo ń gbà. Ó yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka ọpọlọ ọkọ̀, ó so ó mọ́ ọn, ẹ̀rọ náà ní òun ò mọ ohun tó ń ṣe é. Gbogbo ìgbà tó bá gbójú sókè pé òun ò rí nǹkan kan, ọkọ mi á ní, "Ìyá ẹ ni kò gbà." Àwọn mẹkáníìkì yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí. Tí mo bá ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n á dákẹ́.

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀ náà, tó ń gbọ̀n tó ń gbọ̀n. Mo ní kí ló dé tó jẹ́ orí èmi ló ń gbé e lé.

"Má bínú, ìyá ọmọ mi. Ṣé o rí i, tó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́, á dun ọmọ náà. Tó bá jẹ́ ìwọ, kò lè dùn ún púpọ̀. Wọ́n mọ̀ ẹ́. Wọ́n mọ̀ pé bó o ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn."

Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Kò rí aburú kankan níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí a bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kò ní jẹ ńbẹ̀. Mo gbé orí lé ojú fèrèsé, dígí ń lù mí ní ẹ̀bátí, ó sì rẹ̀ mí ju kí n fèsì lọ.

Ìgbà tí ọmọ mi wá sílé lẹ́yìn ìyẹn, kò jókòó. Ìdúró ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká.

"Màmá, ẹ sọ fún mi. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe kẹ́ ẹ tó fẹ́ràn rẹ̀?"

"Ta ni?"

"Ẹ mọ ẹni tí mò ń sọ. Gbogbo Sátidé ló fi ń tú ọkọ̀ yẹn nítorí yín. Òun ò rí nǹkan kan. Bàbá ò rí nǹkan kan. Ẹ̀yin nìkan ló ń gbọ̀n fún. Ó ti ń sọ fún mi pé ó jọ pé ẹ ò fẹ́ òun, pé òun ò sì lè wọ ìdílé tí ìyá ò ti fẹ́ òun. Ṣé ohun tí ẹ ń fẹ́ nìyẹn?"

"Bàbá ẹ ló ń yí sukúrúù kan lára ẹ́ńjìnnì kó tó gbé e débẹ̀. Òun ni kò jẹ́ kó gbọ̀n lójú ọkọ ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn-ún gbọ́. "Bàbá mi? Bàbá mi tí kì í purọ́ fún ọmọ ìkókó?"

"Wọ ọkọ̀ náà wò nígbà náà."

"Mo wọ̀ ọ́. Sátidé tẹ́ ẹ gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Kò gbọ̀n, Màmá. Mo jókòó níbẹ̀, kò gbọ̀n."

Sátidé ló wọ̀ ọ́, ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ máa ń yí sukúrúù. Ó ní tó bá jẹ́ pé Ọwọ́-Epo máa tìtorí èmi fi òun sílẹ̀, kí n mọ̀ pé òun ò ní gbàgbé. Ó jáde. Látìgbà náà, tó bá pe fóònù mi, ohun tó máa sọ ni, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ fún Bàbá ní fóònù." Èmi tí mo bí i, mo wá di ẹni tí wọ́n ń gba ọwọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bàbá. Mo sunkún níbi iṣẹ́. Ibi tó dáa láti sunkún ni, torí oru omi gbígbóná máa ń rin ojú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó ń sunkún. Mi ò bẹ̀rù kí ọkọ̀ kú sí wa nídìí mọ́. Ọmọ mi ni mo ń bẹ̀rù pé mo ti ń pàdánù, òun náà sì ti ń pàdánù ọkùnrin gidi, nítorí sukúrúù kan tí kò tó orí ìka.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jí ṣáájú ọkọ mi. Mo mú sukudiráfà náà, mo ki í bọ báàgì mi, mo sì jókòó sínú ọkọ̀. Mo gbọ́ ọ tó ń tú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

"Ìyá ọmọ mi, o rí sukudiráfà mi?"

"Mo rí i."

"Ó dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi. Kò ní kúrò lọ́wọ́ mi."

Lẹ́yìn náà, mo rí i tó ń yọ́ lọ sí ilé ìdáná.

"Ẹ lè fi ọ̀bẹ yí i," mo ké sí i, "ṣùgbọ́n láti òní lọ, ẹ̀yin lẹ ó máa fi ọ̀bẹ náà dáná."

Ó padà wá lọ́wọ́ òfìfo. Ó wọlé, ó jókòó, ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Mo pe ọmọ mi. Kó tó ní kí n fún bàbá òun ní fóònù, mo ní, "Wá sí ọ̀dọ̀ ọkọ ẹ láàárọ̀ yìí. Mi ò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan mìíràn." Bóyá ohùn mi ló gbọ́, kò jiyàn.

Ọkọ̀ kú sí wa ní oríta. Ó kú níwájú ilé epo. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ọgbà mẹkáníìkì, ó gbọ̀n jìgìjìgì, ó kú pátápátá, àwọn ọkùnrin méjì ló bá wa tì í wọlé. Gbogbo ọgbà dúró wò wá. Ọmọ mi wà níbẹ̀, ó jókòó sórí táyà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọwọ́-Epo ń fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, bí ẹni tó gbàgbé pé ó ti mọ́.

"Bàbá," ó ní, "ṣé báyìí ló ti ń ṣe látọjọ́ yìí?"

Jẹ́jẹ́ wò mí. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

"Àárọ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀," ó ní.

Mo fẹ́ kígbe, kò sí agbára. Mo wá ìjókòó, mo jókòó sórí kéréètì kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, mo fi ọwọ́ lẹ́rán. Ẹni tó bá ti lo gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ láti máa jà fún ẹlòmíràn, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní rí okun jà fún ara rẹ̀.

Ọwọ́-Epo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí ọkọ mi ṣíná, kó jẹ́ kó máa gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n, kó má tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó ń wo ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́tù. Ó fi ìka kàn án. Ó gbójú sókè wo ọkọ mi nínú ọkọ̀, ó tún wo èmi. Lẹ́yìn náà, ó mú àkísà ọwọ́ rẹ̀, ó rọra fi bo ibẹ̀.

Mo rí i. Inú mi bà jẹ́ ju ti ìgbà tí ọkọ mi purọ́ lọ. Mo ní háà, òmíràn tún rèé. Jẹ́jẹ́ kejì ni ọmọ mi fẹ́ lọ fẹ́. Òun náà á lo ayé rẹ̀ tán bíi tèmi, níbi tó ti ń bá ẹlòmíràn bínú.

Ọmọ mi náà ti rí i. Ó dìde lórí táyà. "Kí lo bò níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Mo ní kí lo bò níbẹ̀?"

Ojú ń tì í, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa imú, epo sì lẹ̀ mọ́ imú rẹ̀. Ó wá mú àkísà náà kúrò. "Sukúrúù yìí ló ń sọ ibi tí ìlẹ̀kùn tọ́tù máa padé dé. Ọjọ́ tí mo ṣe é, mo fi ọ̀dà pupa pa á lójú kí ẹnikẹ́ni má yí i mọ́. Ọ̀dà ti bó, mi ò sì kíyè sí i látọjọ́ yìí. Wọ́n ti yí i, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan."

"Ta ló yí i?"

"Mi ò mọ̀. Àmọ́ kì í ṣe òun ló ń jẹ́ kó gbọ̀n." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹni tó bá yí i, ó yí i kí gbígbọ̀n náà má bàa hàn ni. Gbígbọ̀n fúnra rẹ̀, mo rò pé èmi ni."

Ó mú ike tí wọ́n po ọṣẹ mọ́ omi sínú rẹ̀, ó ń fín in díẹ̀díẹ̀ sí oríkèé ibi tí tọ́tù ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Òkè, kò sí nǹkan. Ẹ̀gbẹ́, kò sí nǹkan. Ìsàlẹ̀, níbi igun kan tí ojú ò tó dáadáa, gbogbo fóòmù ọṣẹ náà wọlé lọ fíì, ohùn ẹ́ńjìnnì sì yí padà lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ọ?" ó ní. "Atẹ́gùn ń gba ibí yìí wọlé láìgba ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo gbẹ́ ihò náà fẹ̀ tán, gáskẹ́ẹ̀tì àtijọ́, pépà tó ń dí àárín tọ́tù àti ẹ́ńjìnnì, ni mo dá padà síbẹ̀. Kò bo igun yìí mọ́. Ó yẹ kí n gé tuntun. Mo mọ̀ pé ó yẹ. Mo ń kánjú kí Bàbá tètè rí ẹ̀bùn wọn ni."

Ó yí sọ́dọ̀ mi, lójú gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń dọ́gbọ́n gbọ́ ọ. "Màmá, òótọ́ lẹ ń sọ látọjọ́ yìí. Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Ẹ forí jì mí."

Mo ní kò burú. Ohun tí mo lè sọ nìyẹn. Ọkàn mi fúyẹ́ nítorí ọmọ mi, torí ọkùnrin tó lè sọ pé mo ṣàṣìṣe lójú ẹgbẹ́, onítọ̀hún ṣeé fẹ́. Ṣùgbọ́n mo ń wo ojú ọmọ mi, bàbá rẹ̀ ló sì ń wò. Ó ń retí ohun tó máa sọ.

Ọwọ́-Epo gé gáskẹ́ẹ̀tì tuntun. Ó tú tọ́tù, ó fi gáskẹ́ẹ̀tì náà sáàárín, ó dè é, ó dá sukúrúù padà sí àyè rẹ̀, ó tún ọ̀dà pa lé e. Ó yọ okùn bátìrì, ó ní kí ọpọlọ ọkọ̀ gbàgbé ìrìnkúrìn tó ti kọ́, kó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun. Nígbà tó ṣíná, mo rò pé kò tíì ṣíná. Ọkọ̀ dúró wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Bàbá," ni ọmọ mi wí, "ta ló yí sukúrúù yẹn?"

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọkọ̀ ti dára, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́, kí wàhálà tán." Ó kí gbogbo ọgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ sínú ọkọ̀, a lọ.

Ní oríta, iná pọ́n. A dúró. Ohun tó ń dí wa létí látọjọ́ yìí ò sí mọ́, èémí ọkọ mi ni mo ń gbọ́. Ó tọ́jọ́ mẹ́ta tí inú ọkọ̀ yẹn ti pa rọ́rọ́ báyẹn.

"Mi ò fẹ́ kí ojú ti ọmọ náà ni," ó ní.

"Ojú tèmi ńkọ́?"

Mi ò pariwo, mo rò pé ohun tó jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lára nìyẹn, torí ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ariwo mi kó kọjá. Iná yí padà. Àwọn tó wà lẹ́yìn fọn fèrè. Kò lọ. Wọ́n tún fọn ọ́n, ẹnìkan yọ orí lójú fèrèsé, ó ń bú wa. Kò juwọ́ bẹ̀ ẹ́. Ó wá yí ọwọ́ ọkọ̀, ó yí i tán pátápátá, a sì ń padà síbi tí a ti ń bọ̀.

Ọmọ mi ṣì wà níbẹ̀. Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà. Èmi ò sọ̀ kalẹ̀, fèrèsé mi wà ní pípadé. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo rí i tó ń fi ọwọ́ tọ́ka sí àyà ara rẹ̀, tó ṣí ẹnu, tó pa á dé, tó tún ṣí i. Ó pẹ́ díẹ̀. Ọwọ́-Epo rọra kúrò nítòsí wọn, ó lọ ń fọ ọwọ́. Ọmọ mi gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Lẹ́yìn náà, ó yíjú wo ọkọ̀.

Ó wá bá mi. Mo yí dígí sílẹ̀.

"Màmá, ẹ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀."

"Mo sọ fún ẹ."

"Mi ò gbà yín gbọ́."

"Mo mọ̀."

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó jókòó lẹ́yìn mi, ó na ọwọ́ méjèèjì yí mi lọ́rùn láti ẹ̀yìn ìjókòó. Òórùn ìpara irun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sunkún sí mi léjìká, omijé rẹ̀ gbóná. Mo wá ìbínú tí mo ti ń tọ́jú dè é láti ọjọ́ yìí, mi ò rí i mọ́, àárẹ̀ nìkan ló kù. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Jẹ́jẹ́ dé, ó ti ń fi fìlà rẹ̀ dé orí padà. Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn awakọ̀, ó ń wo ojú wa bóyá ó ti tán.

"Bàbá," ni ọmọ mi wí, kò gbé orí kúrò léjìká mi, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síta ná."

Látìgbà tí a ti bí i, kò bá bàbá rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ mi mú ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó dúró nínú oòrùn, níwájú gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n sí èèyàn dáadáa, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní kó wọlé.